Òṣùká Ìyá Yémítàn

Òru ni mo máa ń ṣiṣẹ́ ní Kétu,
nígbà tí sẹ́míjàn ìkẹyìn bá ti gba ọ̀nà Ìlárá lọ.
Ohùn àwọn àgbà ìlú ni mò ń tún ṣe:
ikọ́ níhìn-ín, àkùkọ lọ́hùn-ún,
mò ń yọ wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà,
mo sì ń fi ohùn tèmi so ìtàn kan mọ́ èkejì.
Iṣẹ́ náà wúwo. Kọ̀ǹpútà a máa gbóná bí àdògán.
Ni Biáù, ọmọ Sábẹ, bá ní kí n fi omi tù ú lára.

Ó ra rọ́bà wá láti Kútọnu, tín-ín-rín bí ìfun ewúrẹ́,
ó ra pọ́ǹpù kan tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ,
àti omi jálá kan, omi tí a sè títí tí kò fi ní adùn kankan mọ́.
Ìyá Yémítàn wò ó, ó tún un wò.
“Omi tí ẹnikẹ́ni kò ní í mu?
Ní Kétu yìí?”

N kò fèsì.
Kí ni n óò sọ fún ẹni tó ti jí ní àkùkọ àkọ́kọ́
láyé ìgbà tí kànga jìn tó bẹ́ẹ̀ tí okùn ń bó àtẹ́lẹwọ́,
tí wọ́n ń wọn omi fún àlejò bí ẹni ń wọn epo?

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí pọ́ǹpù sá eré àsápajúdé.
Omi ń pòyì, tábìlì ń gbọ̀n,
síbí ń jó nínú kọ́ọ̀bù.
Mo wo ìwọ̀n ooru: ẹyọ kan péré ló fi wálẹ̀.
Gbogbo ariwo yẹn, nítorí ẹyọ kan!
Ìyá ké láti yàrá kejì:
“Ta ló kó oyin sínú ògiri?”

Mo dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá.
Kẹ́kẹ́ pa.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ alángbá lórí páànù, mo gbọ́ èémí ara mi.
Ìṣẹ́jú méje ni inú mi fi dùn.
Bàbá Agbóríta ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí àbúrò rẹ̀ ti gbé akèrègbè,
tó lọ, tí kò tètè dé,
ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri.
Omi tó ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín
kò lè ru ooru jáde nílé.

Ìdá mẹ́fà: ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń ráhùn.
Ìdá márùn-ún: ohùn mìíràn, bí ẹni ń họ ìdí ìkòkò.
Afẹ́fẹ́ ló há sínú rọ́bà.
Mo fi àpótí náà dẹ̀gbẹ́, mo ń gbọ̀n ọ́n pẹ̀lẹ́
bí ẹni fẹ́ kí ọmọ ọwọ́ gùfẹ̀.
Ó sì gùfẹ̀.
Ṣùgbọ́n tábìlì ṣì ń kùn.

Ọjọ́ kẹrin, Ìyá wọlé, ó ró ìró mọ́ àyà,
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí bí ẹni ń yẹ ibà wò.
“Kì í ṣe omi ló ń pariwo. Ibi tí ẹ gbé e kà ni.
Ẹni ru omi kì í sáré, kì í sì í wọ́ ẹsẹ̀,
à á fi ewé bo ojú rẹ̀ kó má baà dà sí wa lọ́rùn.
Àmọ́ bí kò bá sí òṣùká,
gbogbo ẹjọ́ ìkòkò, orí ẹni ni yóò rò ó fún.”

Ó tẹ̀ wò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.
Òṣùká aṣọ aró, aró náà ti ṣá,
àárín rẹ̀ ṣì kòtò
níbi tí ìkòkò kan jókòó sí kí wọ́n tó bí ìyá mi.
A tì í sábẹ́ pọ́ǹpù.

Ìdá márùn-ún ni mo fi í sí. Omi ń lọ, omi ń bọ̀.
Mo ní láti fi ìka kan rọ́bà kí n tó mọ̀ pé ó ń rìn.
Bàbá Agbóríta parí ìtàn rẹ̀; àbúrò náà dé ní ìrọ̀lẹ́,
akèrègbè ti fọ́, ojú rẹ̀ gbẹ.
Mo yọ ikọ́, mo yọ àkùkọ.
Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tèmi sínú ẹ̀rọ,
híhanrun Ìyá gba inú ògiri wọlé,
ó ju pọ́ǹpù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.
Ìyẹn, n kò yọ ọ́.